Báínókúlà àkọ́kọ́ fún ọmọ ọdún 7: èwo ni ká rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 7. Bó bá ti dé láti iléèwé, ìdí fèrèsé ló máa ń wà, tó ń wo àwọn ẹ̀ga tó kọ́lé sórí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa n'Íbàdàn. Mo fẹ́ ra báínókúlà fún un. Ẹni tó ń tà á lọ́jà fi méjì hàn mí: ńlá kan tí wọ́n kọ 20x50 sí lára, àti kékeré kan tí wọ́n kọ 8x21 sí, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ pupa fòò. Ó ní ńlá yẹn ló ń rí ọ̀nà jíjìn jù. Àbúrò mi tó wà ní London náà ní òun lè fi ọ̀kan ránṣẹ́. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà wọ́n. Èyí tó yẹ ọmọ yín ni báínókúlà 6x30 tí apá rẹ̀ méjèèjì lè ká súnmọ́ra débi tó bá ojú ọmọdé mu. Nítorí náà, kí ẹ tó pe àbúrò yín, ẹ kọ́kọ́ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ọmọlójú ọmọ náà méjèèjì. Ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ iléeṣẹ́ àti iye owó lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í kọ sára páálí.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ ní kó jókòó, kó máa wo nǹkan tó jìnnà, bí òpó iná tàbí táǹkì omi ilé ẹ̀yìnkùlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú rẹ̀ ló ń wò, ojú rẹ̀ méjèèjì á fà sínú díẹ̀, ìwọ̀n náà ò sì ní péye. Ẹ gbé rúlà sí iwájú orí rẹ̀, lókè ojú gan-an. Ẹ má ṣe wá àárín ọmọlójú, torí kò rọrùn láti mọ ibi tí àárín ọ̀hún wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí òsì dúdú ojú kan, kí ẹ dúró sí etí òsì dúdú ojú kejì. Iye kan náà ló máa jẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 6 sí 8 máa ń wà láàárín 50 sí 57 mìlímítà. Ti àgbàlagbà máa ń wà nítòsí 63. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti gbé e lọ ṣàyẹ̀wò ojú rí, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń ṣe jígí ti kọ iye náà sínú káàdì rẹ̀.

Ìdí tá a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé tẹ́ ẹ bá ká ọ̀pọ̀ báínókúlà àgbàlagbà pọ̀ títí tí kò fi ká mọ́, lẹ́ǹsì ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn èyí tí a ń gbójú lé, ṣì máa ń fi 56 sí 58 mìlímítà jìnnà síra. Ọmọ tí àlàfo ojú tirẹ̀ jẹ́ 52 kò lè fi ojú méjèèjì wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òjìji dúdú ni yóò máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí òbìrìkìtì méjì tí kò wọnú ara wọn. Ọmọdé ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ìyẹn. Yóò ní òun ti rí ẹyẹ náà, torí pé inú rẹ̀ dùn sí ẹ̀bùn tí wọ́n fún un, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì á ti jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn òbí á wá sọ pé ọmọ náà ò ka ẹyẹ kún mọ́, nígbà tó jẹ́ pé kò tíì fi ojú méjèèjì rí ẹyẹ kankan nínú nǹkan ọ̀hún. Ó máa ń dunni, torí kò ṣòro láti yẹra fún un.

Bẹ́ ẹ bá ti ní ìwọ̀n ojú ọmọ lọ́wọ́, ẹ ká báínókúlà pọ̀ tán pátápátá, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín lẹ́ǹsì ẹ̀yìn kan sí àárín ìkejì. Bó bá dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ tàbí tó kéré sí i, ó dára. Bó bá fi mìlímítà kan péré jù ú lọ, 6x30 ṣì lè fara dà á. Bó bá ti ju méjì lọ, ẹ má rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan súnmọ́ni. Ìkejì ń sọ bí lẹ́ǹsì iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Bí ọ̀pẹ yín bá wà ní mítà 30 sí fèrèsé, báínókúlà onílọ́po 6 á fi ẹ̀ga hàn bí ẹni pé ó wà ní mítà 5. Ìyẹn tó. Onílọ́po 20 á mú un wá sí mítà kan ààbọ̀, àmọ́ ìlọ́po 20 náà ló máa fi sọ gbígbọ̀n ọwọ́ ọmọ di púpọ̀, ẹyẹ náà á kàn máa fò káàkiri inú òbìrìkìtì náà láì kúrò lórí ẹ̀ka. Kódà àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin kò lè lo onílọ́po 20 láì gbé e ka ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n sì wúwo: ọ̀pọ̀ 20x50 máa ń tó gíráàmù 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìdajì kílò, ìyẹn 500 gíráàmù, ló yẹ kó jẹ́ òpin fún ọrùn ọmọ ọdún 7.

Nǹkan míì tí onílọ́po ńlá máa ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ni fífẹ̀ ibi tó ń fi hàn. Báínókúlà 6x30 tó dáa máa ń fi ibi tó fẹ̀ tó nǹkan bí 140 mítà hàn téèyàn bá wo ibi tó wà ní 1,000 mítà. Ní mítà 30, ìyẹn lé díẹ̀ ní mítà 4: gbogbo orí ọ̀pẹ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀ tán, ọmọ á rí ìtẹ́ tó ń mì, á rí akọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ewé lẹ́nu. Ti 20x50 kì í sábà ju nǹkan bí 56 mítà lọ ní 1,000 mítà. Ní ọ̀pẹ yín, ìyẹn jẹ́ mítà kan ààbọ̀ àti díẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni ọmọ á máa rí, kó tó wá ẹyẹ rí, ẹyẹ ti lọ.

Ẹ tún pín nọ́ńbà kejì sí nọ́ńbà àkọ́kọ́. 30 pín sí 6 jẹ́ 5. 50 pín sí 20 jẹ́ 2.5. 21 pín sí 8 jẹ́ nǹkan bí 2.6. Ohun tí èsì yẹn ń sọ ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ roboto tó ń jáde láti lẹ́ǹsì ẹ̀yìn wọ inú ojú, ní mìlímítà. Ẹ na báínókúlà síwájú yín, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ (kì í ṣe sí oòrùn o), ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ náà láàárín lẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Bó bá fẹ̀ tó mìlímítà 5, ọmọ lè máa mi orí, kó gbé e wọ́, ìmọ́lẹ̀ náà ò ní bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2.5, ìyípadà díẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọlójú ń fẹ̀ láti wá ìmọ́lẹ̀, onímìlímítà 5 ló ṣì máa fi àwọ̀ ẹyẹ hàn.

Ti lẹ́ǹsì pupa yẹn, ẹ sá fún un. Ohun tí wọ́n kùn sí i lára ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà síta, kò jẹ́ kó wọlé, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan tí ẹ bá fi wò fi máa ń rí bí àwọ̀ ewé. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú wíwo òru, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Ọmọ tó fẹ́ mọ àwọ̀ ẹyẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tó ń pa àwọ̀ dà. Lẹ́ǹsì tó dáa máa ń tàn ní àwọ̀ ewé tàbí elése àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sábẹ́ gílóòbù, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sì máa wá lára páálí ni "Fully Multi-Coated". "Coated" nìkan kò tó.

Ẹ má gba nọ́ńbà ọjà gbọ́ láì wọ̀n ọ́n. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 60x60 tàbí 90x80 sí, tó jẹ́ pé irọ́ ni. Ẹ fi rúlà wọn lẹ́ǹsì iwájú. Bó bá kéré sí nọ́ńbà kejì, ẹni tó kọ ọ́ ti purọ́. Ẹ wá wọn ìmọ́lẹ̀ roboto tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi pín fífẹ̀ lẹ́ǹsì iwájú: bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ mìlímítà 40, tí ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ 4, onílọ́po 10 ni ẹ mú lọ́wọ́, ì báà ṣe 60 ni wọ́n kọ. Àwọn tó ń jẹ́ zoom, tí ìlọ́po wọn ṣeé yí sókè sódò, náà kì í ṣe ti ọmọdé. Ibi tí wọ́n ń fi hàn kéré, kì í sì í pẹ́ tí apá wọn méjèèjì kò fi ní kọjú sí ibì kan náà mọ́. Àwọn tí kò ní ohun tí a ń yí kí àwòrán tó mọ́, tí wọ́n máa ń kọ "Focus Free" sí, kò lè fi nǹkan tó súnmọ́ hàn kedere rárá.

8x21 tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò pupa, tó sì wá láti iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́, kì í ṣe nǹkan búburú. Ó fúyẹ́, ó ń wọ àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ká níbi méjì dípò ọ̀kan, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sì ṣí i ló gbọ́dọ̀ tún ibi méjèèjì ṣe dọ́gba kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí i. Ẹ fi dìgbà tó bá tó ọdún 10.

Ohun tí ẹ máa sọ fún àbúrò yín wá nìyí. Kó wá 6x30 tó ní ìrísí àtijọ́, tí lẹ́ǹsì iwájú fi jìnnà síra ju ti ẹ̀yìn lọ. Porro ni wọ́n ń pe irú prism, ìyẹn gíláàsì tó ń darí ìmọ́lẹ̀, tó wà nínú rẹ̀, láti orúkọ Ignazio Porro, ará Ítálì tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1854. Ó rọrùn láti ṣe dáadáa, nítorí náà, ní iye owó kan náà, àwòrán rẹ̀ sábà máa ń mọ́ ju ti àwọn tó gún gbọọrọ lọ. Kowa YF 6x30 wà, tó lè ká dé 50 mìlímítà, tí kò sì tó ìdajì kílò. Opticron Savanna 6x30 náà wà, iléeṣẹ́ yẹn sì wà ní Bìrìtéènì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ labalábá, tata àti alángbá orí fẹ́ńsì ni ọmọ fẹ́ràn ju ẹyẹ lọ, Pentax Papilio 6.5x21 ń rí nǹkan tó wà ní ìdajì mítà péré sí i, ohun tí àwọn yòókù ò lè ṣe. Ẹ kàn rí i pé ojú ọmọ gbà á. Mi ò ní dárúkọ iye owó, torí bí náírà ṣe ń lọ sókè sódò. Kó yẹ̀ ẹ́ wò pé wọ́n kọ "Waterproof" sí i, kí inú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi gáàsì nitrogen kún, torí ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ló ń pa lẹ́ǹsì. Bí ọmọ bá ń lo jígí ojú, kó wo ibi tí wọ́n kọ "Eye relief" sí lórí ìwé rẹ̀, ìyẹn bí ojú ṣe lè jìnnà sí lẹ́ǹsì ẹ̀yìn tó, tí á ṣì máa rí gbogbo àwòrán: kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 15, rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé yí wálẹ̀ tàbí ṣeé ká.

Tòkunbọ̀ náà dára o, bí ẹni tó ń rà á bá mọ ohun tó ń wò. Kó tan tọ́ọ̀ṣì sí lẹ́ǹsì iwájú, kó máa wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá rí okùn funfun tín-ín-rín tó ta bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nínú, kò sì yẹ ní rírà, torí ohun tó ń hù yẹn ń jẹ ohun tí wọ́n kùn sára lẹ́ǹsì, nínu kì í dá a padà. Lẹ́yìn náà, kó fi wo òpó tó jìnnà, kó wá rọra gbé e kúrò lójú díẹ̀díẹ̀. Bí òpó kan ṣoṣo bá di méjì, apá báínókúlà náà méjèèjì ò kọjú sí ibì kan náà mọ́, ó ṣeé ṣe kó ti ṣubú rí. Ọpọlọ lè máa fipá pa méjèèjì pọ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ̀fọ́rí ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ò sì ní mọ ohun tó fa ẹ̀fọ́rí náà.

Nígbà tó bá dé, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ tò ó. Ẹ ká a títí tí ọmọ á fi rí òbìrìkìtì kan ṣoṣo. Bí kò bá lo jígí, ẹ fa rọ́bà ẹ̀yìn síta. Ẹ ní kó wo nǹkan tó ní ìkọ̀wé, bí pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì. Ẹ fi ọwọ́ bo lẹ́ǹsì iwájú apá ọ̀tún, kó máa fi ojú òsì wò, kó yí nọ́ọ̀bù àárín títí ìkọ̀wé yóò fi mọ́ kedere. Ẹ wá bo ti òsì. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù àárín mọ́. Òrùka tó wà lára lẹ́ǹsì ẹ̀yìn apá ọ̀tún ni kó yí báyìí, títí ìkọ̀wé á tún fi mọ́. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ alálẹ̀mọ́ tàbí ọ̀dà èékánná sàmì sí ibi tí òrùka náà dúró sí, torí ọmọ máa yí i. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ọ̀bù àárín nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Okùn ọrùn tó máa ń bá a wá gùn jù. Ẹ gé e kúrú tàbí kí ẹ so ó títí báínókúlà á fi dúró sí àyà rẹ̀. Bó bá dé ikùn, yóò máa gbá ara rẹ̀ mọ́ tábìlì àti ògiri. Kó má gun igi pẹ̀lú ẹ̀ lọ́rùn, kó má sì fi sùn.

Ohun tó ṣòro jù fún ọmọ ni láti rí ẹyẹ nínú rẹ̀, kì í ṣe láti mú kó mọ́ kedere. Wọ́n máa ń gbé báínókúlà sójú tán kí wọ́n tó máa wá ẹyẹ kiri. Ẹ kọ́ ọ kó fi ojú lásán rí i ná, kó tẹjú mọ́ ọn láì wo ibòmíràn, kó wá gbé báínókúlà bọ́ sí àárín ojú òun àti ẹyẹ náà. Kó fún ìgúnpá mọ́ ìhà, tàbí kó fi lé igi fèrèsé. Ẹ fi táǹkì omi bẹ̀rẹ̀, torí kì í lọ síbì kan. Tó bá mọ ìyẹn, kó wo lékèélékèé nínú pápá, ó funfun, kì í yára. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ga. Àwòdì tó ń rà bàbà lókè, ẹ jẹ́ kó dìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má bi í pé, "Ṣó o rí i?" Bẹ́ẹ̀ ni ló máa ń jẹ́. Ẹ bi í pé àwọ̀ wo ni ẹyinjú akọ ẹ̀ga, èyí tí orí rẹ̀ dúdú, tí ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Bó bá dáhùn pé pupa, ó rí i lóòótọ́, torí ojú lásán kò lè rí ìyẹn láti fèrèsé yín. Ẹ bi í pé níbo ni ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ kọjú sí. Ìsàlẹ̀ ni. Bó bá dáhùn méjèèjì, báínókúlà náà bá ojú rẹ̀ mu. Bó bá ń méfò, ẹ tún àlàfo ojú wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ò gba àwàdà. Báínókúlà ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sínú ojú, ó sì lè jó ẹ̀yìn ẹyinjú láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kì í dunni lásìkò náà, ìdí nìyẹn tí ọmọ ò fi ní yára gbé e kúrò, ibi tó bá sì jó lè má sàn mọ́ láé. Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi òfin lé e: bí fèrèsé bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kò sí báínókúlà lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́; ẹ̀gbẹ́ ilé tó wà lábẹ́ òjìji ni kó lọ. Òṣùpá kò ní wàhálà kankan. Kó wò ó nígbà tó bá jẹ́ ìdajì, kì í ṣe ìgbà tó bá kún, torí etí ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé ni àwọn kòtò rẹ̀ ti ń yọ kedere. Ẹ tún kìlọ̀ fún un kó má kọjú rẹ̀ sí fèrèsé aládùúgbò, tàbí sí bárékè àwọn sójà bẹ́ ẹ bá ń kọjá.

Ìbàdàn tí ẹ wà dára fún ọmọ yìí. Nínú igbó tó wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ni ẹyẹ kan wà, ìbátan ẹ̀ga, dúdú tí orí àti àyà rẹ̀ pupa, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ jẹ́ Malimbus ibadanensis. Ìlú yín ni wọ́n fi sọ ọ́, ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló sì ń gbé ní gbogbo ayé. Rírí rẹ̀ ò rọrùn, torí igi gíga ló ń wà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wo ẹ̀ga dunjú á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ bó bá yọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku tó bà lé lẹ́ǹsì ní yanrìn nínú. Ẹni tó bá fi ẹ̀wù nù ún ti fi yanrìn họ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ dànù pẹ̀lú rọ́bà tuntun tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ, kì í ṣe pẹ̀lú ẹnu, torí itọ́ á ta sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu jígí ojú nù ún, láti àárín lọ sí etí. Nígbà òjò, ẹ má fi í sínú àpò aláwọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ gbọọrọ, ibẹ̀ ló ti ń bu. Inú ike tó ń dé pinpin ni kó máa sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lóṣù méjìméjì nígbà òjò. Èyí tó ti mu omi tán kò ní gba nǹkan kan mọ́.